Késárì Augustus àti Ìwé Ìṣírò Rẹ̀ Méjì

 

Ọmọ wa kan ka Súrà Rúmù tán ní ilé kéú ní Jẹ́dà yìí, ó sì bi wá léèrè pé: "Bàbá, ta ni àwọn ará Rúmù? Ṣé wọ́n dé ìhín rí?" A sọ fún un pé àwọn Rúmù inú Súrà náà ni àwọn tí olú-ìlú wọn wà níbi tí à ń pè ní Istanbul lónìí, ṣùgbọ́n pé Róòmù ti wà tipẹ́tipẹ́ ṣáájú ìgbà náà. Ìbéèrè kejì ni a kò lè dáhùn lójú ẹsẹ̀. A lọ wádìí rẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé wọ́n dé ìhín lóòótọ́, àti pé Késárì Augustus ni ó rán wọn wá, ní ohun tí ó lé ní 600 ọdún kí Ìsìláàmù tó dé.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn nìkan ni ó mú wa kọ àròkọ yìí. Iṣẹ́ ìṣírò owó ni iṣẹ́ wa. Nígbà tí a ka ohun tí Késárì yìí fúnra rẹ̀ kọ nípa ogun náà, tí a sì fi í wé ohun tí àwọn ẹlòmíràn kọ, a rí i pé ìwé méjèèjì kò dọ́gba. Ọ̀rọ̀ náà sì kan àwa tí a wà ní àjò gbọ̀ngbọ̀n.

Ta ni Augustus?

Gaius Octavius ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Wọ́n bí i ní Róòmù ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 63 ṣáájú ìbí Ànọ́bì Ísà. (Níbikíbi tí a bá ti kọ "ṣáájú" tẹ̀lé ọdún kan nínú àròkọ yìí, ohun tí a ní lọ́kàn nìyẹn.) Bàbá rẹ̀ kú nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin. Ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ arábìnrin Julius Caesar. Ọmọ tí ara rẹ̀ kò le ni, àìsàn sì ń dá a wó léraléra títí ó fi dàgbà.

Ní oṣù Kẹta ọdún 44 ṣáájú, àwọn ìjòyè Róòmù gún Julius Caesar pa níbi ìpàdé ìgbìmọ̀. Nígbà tí wọ́n ka ìwé ogún rẹ̀, wọ́n rí i pé ó ti sọ Octavius di ọmọ àti àrólé rẹ̀. Ọmọ ọdún 18 ni nígbà náà. Àwọn àgbààgbà rò pé ọmọdé lásán ni, pé àwọn yóò lò ó tán, àwọn yóò sì tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Òun ni ó lò wọ́n. Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún 19, ó ti fi owó ara rẹ̀ kó ọmọ ogun jọ.

Ní ọdún 43 ṣáájú, òun, Mark Antony àti Lepidus dìmọ̀ pọ̀, wọ́n sì lẹ orúkọ àwọn tí wọ́n fẹ́ kí a pa mọ́ ìta gbangba. Ẹni tí ó bá pa ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ yóò gba owó, dúkìá òkú yóò sì di ti ìjọba. Báyìí ni wọ́n ṣe pa Cicero, ọ̀gá nínú ọ̀rọ̀ sísọ ní Róòmù. Kò yẹ kí á gbàgbé èyí nígbà tí a bá ń yin Augustus, nítorí owó tí ó fi bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀ lára.

Nígbà tí ó ṣe, òun àti Antony di ọ̀tá. Ní ọdún 31 ṣáájú, ó ṣẹ́gun Antony àti Cleopatra, ọba obìnrin Íjíbítì, nínú ogun ojú omi ní Actium ní ilẹ̀ Gíríìsì. Ní ọdún kejì, àwọn méjèèjì pa ara wọn, Íjíbítì pẹ̀lú gbogbo ọkà àti ọrọ̀ rẹ̀ sì bọ́ sí i lọ́wọ́. Ní ọdún 27 ṣáájú, ìgbìmọ̀ Róòmù fún un ní orúkọ Augustus, ìyẹn ẹni ọ̀wọ̀. Orúkọ yìí ni wọ́n fi sọ oṣù tí à ń pè ní Ọ́gọ́ọ̀sì.

Kò jẹ́ kí wọ́n pe òun ní ọba, nítorí àwọn ará Róòmù kórìíra oyè náà. Ó ní òun kàn jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ láàrin àwọn ọmọ ìlú ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ni ọmọ ogun wà, ọwọ́ rẹ̀ sì ni owó wà. Èyí kò lè ṣàjèjì sí wa. Ìbàdàn ayé àtijọ́ kò dé adé, Baálẹ̀ àti Balógun ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀, síbẹ̀ ta ni kò mọ ibi tí agbára wà nígbà náà? Augustus wà lórí oyè títí ó fi kú ní ìlú Nola, ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ ọdún 14 lẹ́yìn ìbí Ànọ́bì Ísà. Ó ku oṣù kan kí ó pé ọmọ ọdún 76.

Ìwé tí wọ́n fín sára idẹ

Kí ó tó kú, ó kọ ìwé kan nípa gbogbo ohun tí ó gbé ṣe, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n fín in sára idẹ, kí wọ́n gbé e síwájú ibojì òun ní Róòmù. Idẹ náà ti sọnù, ṣùgbọ́n wọ́n gbẹ́ ẹ̀dà rẹ̀ sára ògiri tẹ́ḿpìlì kan ní Ankara, ní ilẹ̀ Tọ́kì, ní èdè Látìn àti Gíríìkì. Ó ṣì wà níbẹ̀ di òní. Orí 35 ni ó ní.

Akáńtáǹtì tí ó bá ka ìwé náà yóò gbádùn rẹ̀, nítorí iye owó ni ó kún inú rẹ̀. Owó tí ọmọ ogun kan ń gbà lọ́dún nígbà náà jẹ́ 900 nínú owó Róòmù tí wọ́n ń pè ní sesterce. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Augustus ní òun san mílíọ̀nù 600 láti fi ra ilẹ̀ ní Ítálì fún àwọn ọmọ ogun tí ó ti fẹ̀yìntì, òun sì san mílíọ̀nù 260 fún ilẹ̀ ní àwọn ìgbèríko ìjọba. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹrin ni òun fi owó ara òun ran àpò ìjọba lọ́wọ́, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ mílíọ̀nù 150. Èyí nìkan tó láti san owó ọdún kan fún ọmọ ogun tí ó lé ní 166,000. Ó ní òun tún tẹ́ḿpìlì 82 ṣe ní ọdún kan ṣoṣo. Ó ka àwọn ọmọ ìlú lẹ́ẹ̀mẹta: wọ́n jẹ́ 4,063,000 ní ọdún 28 ṣáájú, wọ́n sì ti di 4,937,000 ní ọdún tí ó kú.

Orí 26 ni ó ti dé ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín. Ó ní nípa àṣẹ òun, ọmọ ogun ọ̀nà méjì jáde ní bí àkókò kan náà, ọ̀kan sí Ethiopia, èkejì sí Arébíà. Ó ní wọ́n pa ọ̀tá púpọ̀, wọ́n sì gba ìlú púpọ̀. Ti Ethiopia dé Napata, ti Arébíà sì dé ìlú Mariba ní ilẹ̀ Sábà. Sábà yìí ni ilẹ̀ Bìlíkísù, ọba obìnrin tí àwọn Ìjẹ̀bú ní ìtàn tiwọn nípa rẹ̀ ní Òkè-Ẹ̀rì. Gbogbo ohun tí Késárì kọ nípa rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ.

Ogun Arébíà

Ẹni tí ó kọ ìyókù ni Strabo, onímọ̀ nípa ilẹ̀ ayé tí ó ń fi èdè Gíríìkì kọ̀wé. Ọ̀rẹ́ ni ó jẹ́ fún Aelius Gallus, ajẹ́lẹ̀ Augustus ní Íjíbítì, ẹni tí ó kó ogun náà lọ. Strabo ní Augustus ti ń gbọ́ pé àwọn ará gúúsù Arébíà lówó. Wọ́n ń ta tùràrí àti òjíá, wọ́n ń gba wúrà àti fàdákà, wọn kì í sì í ná an síta. Èrò rẹ̀ ni pé bí wọ́n bá gbà fún òun, òun yóò ní ọ̀rẹ́ olówó, bí wọ́n bá sì kọ̀, òun yóò borí ọ̀tá olówó. Lójú ìwé, èrè ni lápá méjèèjì. Irú òwò tí kò ní ibi tí òfò lè gbà wọlé lórí tákàdá, òun gan-an ni ó yẹ kí ènìyàn máa bẹ̀rù.

Ní nǹkan bí ọdún 26 ṣáájú, Gallus kó nǹkan bí 10,000 ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ jọ. Àwọn Júù 500 àti àwọn ará Nabatea 1,000 wà nínú wọn. Àwọn ará Nabatea yìí ni wọ́n gbẹ́ ibojì sára àpáta ní Madáínì Sálíhù, ní àríwá Mẹdínà, tí púpọ̀ nínú wa ti rí àwòrán rẹ̀. Syllaeus, ìjòyè àgbà ọba wọn, ni ó ṣe afọ̀nàhàn.

Gallus kọ́kọ́ kan ọkọ̀ ogun 80, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó fẹ́ bá jà kì í jagun lórí omi. Nígbà tí ó rí i pé òun ti náwó dànù, ó tún kan ọkọ̀ akẹ́rù 130. Wọ́n gbéra nítòsí ibi tí Suez wà lónìí. Ẹni tí ó bá ti lúwẹ̀ẹ́ ní Òkun Pupa mọ àwọn òkúta abẹ́ omi rẹ̀. Ọkọ̀ púpọ̀ bàjẹ́, àwọn mìíràn sì rì tènìyàn tènìyàn. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n gúnlẹ̀ sí Leuke Kome, èbúté kan ní apá àríwá etí òkun yìí. Níbẹ̀ ni àìsàn ẹnu àti ti ẹsẹ̀ ti kọlù wọ́n, Strabo sì ní omi àti ewébẹ̀ ibẹ̀ ni ó fà á. Wọ́n lo ìgbà ooru àti ìgbà òtútù níbẹ̀ kí ara wọn tó mókun. Èyí tí ó dunni jù ni pé ọ̀nà orí ilẹ̀ wà láàrin Petra àti èbúté náà, tí àwọn oníṣòwò ń kó ràkúnmí gbà lọ gbà bọ̀ láìséwu, tí wọ́n pọ̀ bí ọmọ ogun. Kò sí ìdí tí wọ́n fi gba orí omi rárá.

Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti wọ aṣálẹ̀, tí ràkúnmí ń ru omi fún wọn. Wọ́n gba Najran, ìlú tí ó ṣì wà ní gúúsù Saudi Arabia. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, wọ́n jà lẹ́bàá odò kan. Strabo ní 10,000 nínú àwọn Lárúbáwá ni ó kú, ará Róòmù méjì péré ni ó sì kú. Bí akọ̀wé bá gbé irú ìṣírò báyìí wá sí ọ́fíìsì wa, a ó ní kí ó lọ tún un ṣe.

Níkẹyìn, wọ́n dé ìlú tí Strabo pè ní Marsiaba, wọ́n sì dó tì í fún ọjọ́ mẹ́fà. Kò sí omi. Wọ́n padà lẹ́yìn. Àwọn tí wọ́n mú ní ìgbèkùn sọ fún wọn pé ìrìn ọjọ́ méjì péré ni ó kù kí wọ́n dé ilẹ̀ tùràrí. Àwa tí a ń gbé ní Jẹ́dà, níbi tí wọ́n ti ń yọ iyọ̀ kúrò nínú omi òkun kí á tó rí omi mu, kò yẹ kí á fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Oṣù mẹ́fà ni àlọ gbà, ọjọ́ 60 ni àbọ̀ gbà. Ìgbà náà ni Gallus tó mọ̀ pé afọ̀nàhàn ti ń yí òun po. Strabo ní ènìyàn méje péré ni ogun pa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn yòókù tí wọ́n ṣòfò, àìsàn ni, ebi ni, àárẹ̀ ni, ọ̀nà burúkú ni. Wọ́n di gbogbo ẹ̀bi ru Syllaeus, ẹni tí wọ́n bẹ́ lórí ní Róòmù ní ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà. Ẹ má sì gbàgbé pé ọ̀rẹ́ Gallus ni ẹni tí ó kọ ìtàn yìí. Òun náà ní ẹni tí ó ń gbèjà.

Orí ère tí wọ́n rì mọ́lẹ̀

Òfò kejì tẹ̀lé ti àkọ́kọ́. Nítorí pé Gallus ti kó apá kan ọmọ ogun Íjíbítì lọ sí Arébíà, àwọn ará Kuṣi, àwọn dúdú tí ilẹ̀ wọn wà ní Sudan òde òní, tí àwọn ará Róòmù ń pè ní Ethiopia, rí àyè. Wọ́n kọlu Aswan àti àyíká rẹ̀, wọ́n kó ènìyàn lẹ́rú, wọ́n sì wó àwọn ère Késárì. Petronius, ajẹ́lẹ̀ tuntun, lépa wọn dé Napata, ó sì pa ìlú náà run. Òtítọ́ ni ohun tí Augustus kọ nípa ìyẹn.

Ohun tí kò kọ ni pé ọba obìnrin wọn, tí ojú rẹ̀ kan fọ́, tún padà gbógun dìde. Petronius ní kí àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ lọ bá Késárì sọ̀rọ̀. Wọ́n fèsì pé àwọn kò mọ ẹni tí ń jẹ́ Késárì, àwọn kò sì mọ ibi tí ó ń gbé. Wọ́n fi ènìyàn sìn wọ́n dé erékùṣù Samos. Augustus fún wọn ní gbogbo ohun tí wọ́n béèrè, ó sì mú ìṣákọ́lẹ̀ kúrò lórí wọn.

Àwọn baba wa ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti èyí lé ní 1,900 ọdún. Ní ọdún 1910, John Garstang ń walẹ̀ ní Meroe, olú-ìlú Kuṣi, ó sì rí orí ère Augustus kan tí wọ́n fi idẹ ṣe, tí ojú rẹ̀ ṣì ń dán. Abẹ́ àtẹ̀gùn ilé ìsìn kan ni wọ́n rì í mọ́, kí ẹnikẹ́ni tí ó bá ń wọlé lè máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù di òní. Idẹ kan ń ròyìn ìṣẹ́gun ní Róòmù, idẹ kejì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn ní Áfíríkà.

Kò tán síbẹ̀. Nínú orí 26 kan náà, Augustus ní òun mú àlàáfíà dé ilẹ̀ Jámánì. Bẹ́ẹ̀ ni ní ọdún 9 lẹ́yìn ìbí Ànọ́bì Ísà, àwọn ará Jámánì pa ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá mẹ́ta run nínú igbó, pẹ̀lú Varus olórí wọn. Wọ́n ní Augustus ń fi orí gbá ilẹ̀kùn, ó ń ké pe Varus kí ó dá ọmọ ogun òun padà. Kò sí ọ̀rọ̀ Varus lára idẹ náà.

Ìwé kejì

Ṣé òpùrọ́ ni Augustus nígbà náà? A kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní àwọn ọmọ ogun òun dé Mariba; kò sọ pé wọ́n gbà á. Ohun tí ó ṣe ni pé ó kọ apá tí owó gbà wọlé, ó sì fi apá tí ó gbà jáde sílẹ̀ ní òfìfo.

Ó sì mọ bí a ti ń kọ apá méjèèjì, nítorí ó ní ìwé mìíràn. Suetonius àti Tacitus, tí wọ́n kọ ìtàn àwọn Késárì, sọ fún wa pé ó fi ìwé ìṣírò gbogbo ìjọba sílẹ̀ nígbà tí ó kú: iye ọmọ ogun àti ibi tí wọ́n wà, iye owó tí ó wà nílẹ̀, àti iye gbèsè tí a kò tíì gbà. Ó tilẹ̀ kọ orúkọ àwọn tí wọ́n lè pè kí wọ́n wá ṣàlàyé ìṣírò náà. Ọ́dítọ̀ wo ni kò ní fẹ́ irú ìwé bẹ́ẹ̀? Tacitus ní ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi kọ ọ́, àti pé ó fi ìmọ̀ràn kan kún un pé kí wọ́n má ṣe fẹ ilẹ̀ ìjọba náà mọ́.

Ẹ wò ó, ẹ̀yin ará wa. Ọkùnrin tí ó rán ènìyàn lọ kú ní aṣálẹ̀ nítorí tùràrí ti kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò fín ẹ̀kọ́ náà sára idẹ. Inú ìwé tí àwọn ìgbìmọ̀ nìkan gbọ́ ni ó fi sí. Ìwé yìí ni ó ṣègbé, ìwé ìyìn ni ó kù.

Àwa náà ńkọ́?

Oríkì wa kò rí bí idẹ Augustus. Ẹni tí ó bá tẹ́tí sí oríkì ìdílé rẹ̀ dáadáa yóò gbọ́ ìṣẹ́gun, yóò sì gbọ́ gbèsè, ìjà, àti ìwà tí ń tini lójú. Àwọn baba wa mọ̀ pé ẹni tí a kò mọ àléébù rẹ̀, a kò tíì mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ àjò, ìwé idẹ ni a ń kọ ránṣẹ́ sílé. Ní ọdún kejì tí a dé Jẹ́dà, ilé-iṣẹ́ tí a ń bá ṣiṣẹ́ kò san owó oṣù fún oṣù márùn-ún. Oúnjẹ ọ̀rẹ́ ni a ń jẹ. Ní ọjọ́ Iléyá ọdún náà, a wọ agbádá, a dúró ti ọkọ̀ ọlọ́kọ̀, a ya fọ́tò, a sì fi ránṣẹ́ sílé. Bàbá wa fi fọ́tò náà han àwọn ẹlẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù rẹ̀, ó sì yá owó láti fi kan òrùlé, nítorí ọmọ rẹ̀ yóò san án. Ọdún mẹ́ta ni a fi san gbèsè náà. Nígbà tí a délé, ìyá wa kò bínú. Ó kàn sọ pé: "Ọmọ mi, ká ní o sọ fún wa pé kò sí ni, a kì bá tí yá a."

Wọ́n ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bí ó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnìkan jẹ. Òtítọ́ ni, a kò gbọdọ̀ tìtorí ìyà wa fi ẹran du ará ilé. Ṣùgbọ́n ọdẹ tí kò sọ bí igbó ṣe rí fún ọmọ rẹ̀ ń rán an lọ kú ni. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń dàgbà níhìn-ín nílò ìwé kejì: ohun tí a pàdánù, ẹni tí a gbẹ́kẹ̀ lé tí ó já wa kulẹ̀, àti ọkọ̀ 80 tí a kàn lásán. Ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ ju ibi ìyìn lọ.

Bí a bá wọ ìhírámù nílé ní Jẹ́dà, tí a sì wa ọkọ̀ nǹkan bí kìlómítà 80 lọ sí Mẹ́kà fún úmúrà, aṣọ funfun méjì tí kò ní àpò ni ó wà lọ́rùn wa. Nínú èrò tí ń yí Káábà po, kò sí ẹni tí ó mọ akáńtáǹtì yàtọ̀ sí agbálẹ̀, bí Késárì bá sì wà níbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ ọ́n. A gbàgbọ́ pé mọlááíkà méjì ń kọ ìwé tiwa, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, wọn kì í sì í fi apá kan sílẹ̀ ní òfìfo. Kí ìwé tí àwa fúnra wa ń kọ fún àwọn ọmọ wa jọ tiwọn díẹ̀, ohun tí à ń tọrọ nìyẹn. A ti dá ọmọ tí ó béèrè ìbéèrè lóhùn báyìí. Ní alẹ́ ọjọ́ tí a parí ìwádìí wa, a sọ ti fọ́tò Iléyá náà fún un pẹ̀lú.